Fóònù Lọ́wọ́ Àgbẹ̀: Irinṣẹ́ Ni Tàbí Pàkúté?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ní àwọn abúlé tó yí Ìbàdàn ká, láti Ìròkò àti Ìjàyè ní Akínyẹlé, dé Lálúpọn ní Lágelú, dé Ẹ̀rúnmu ní Ẹ̀gbẹ́dá, títí lọ dé Akáǹrán ní Ọ̀nà-Àrà, ohùn kan wà tó máa ń ṣáájú ohùn àkùkọ. Fóònù ló ń dún. Alájàpá ń béèrè bóyá ata ti wà nílẹ̀. Awakọ̀ ń béèrè ibi tí òun yóò ti wá kó ẹ̀gẹ́. Ọmọ tó wà ní Èkó sì ń béèrè bóyá owó tí òun fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná ti wọlé.

Nígbà tí fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2001, nǹkan àwọn olówó ni. Owó síìmù nìkan ju ohun tí àgbẹ̀ kékeré lè rí kó jọ lọ. Lọ́dún 2003, ilé iṣẹ́ Glo bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ìpè ní ìṣẹ́jú àáyá dípò ìṣẹ́jú, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Díẹ̀díẹ̀, fóònù dé abà. Lónìí, ìyá tó ń din gàrí ń fi fóònù alátọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sínú ìgbàjá, ọmọ ọmọ rẹ̀ sì ń lo èyí tó lè ya fọ́tò, tó sì lè lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ǹjẹ́ ohun kékeré yìí ti mú kí iṣẹ́ oko rọrùn? Àwọn wo ló ń jàǹfààní rẹ̀, àwọn wo ló sì ń pàdánù nítorí rẹ̀? Ó yẹ ká ronú lórí ìbéèrè yìí dáadáa, torí pé owó oúnjẹ àti owó ilé ìwé ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń gba inú fóònù kọjá báyìí.

Nígbà Tí Ajílẹ̀ Gba Orí Fóònù Wá

Ọ̀kan lára ìgbìyànjú tó tóbi jù lọ láti fi fóònù ran àgbẹ̀ Nàìjíríà lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2012, nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Akinwumi Adesina jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìjọba fúnra rẹ̀ ló ń ra ajílẹ̀, tó sì ń pín in. Kí ajílẹ̀ náà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó di ọkọ́ mú, ó ti gba ọwọ́ olóṣèlú àti ọwọ́ oníṣòwò kọjá, ó sì sábà máa ń tán sójú ọ̀nà. Mínísítà náà sọ ọ́ ní gbangba pé nǹkan bí àgbẹ̀ 11 péré nínú 100 ni ajílẹ̀ ìjọba ń dé ọwọ́ wọn.

Ètò tuntun náà, tí wọ́n pè ní e-wallet, gba ọ̀nà mìíràn. Wọ́n kọ orúkọ àgbẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀. Tí àsìkò bá tó, àtẹ̀jíṣẹ́ kan á wọlé sórí fóònù rẹ̀. Á mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò tí ìjọba fọwọ́ sí, á san ìdajì owó àpò ajílẹ̀, ìjọba á sì san ìyókù.

Èrò rere ni, nítorí ó gé ọwọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó máa ń jẹ láàárín kúrò. Àmọ́ àgbẹ̀ tí kò ní fóònù ńkọ́? Èyí tó ní fóònù ṣùgbọ́n tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé abà rẹ̀ ńkọ́? Ẹni tí àtẹ̀jíṣẹ́ dé bá lédè tí kò lè kà ńkọ́? Ní àwọn ibì kan, àtẹ̀jíṣẹ́ dé nígbà tí àsìkò ọ̀gbìn ti ń kọjá lọ, tàbí kó dé nígbà tí ajílẹ̀ kò tíì dé ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò. Lẹ́yìn tí ìjọba yí padà lọ́dún 2015, ètò náà kò rí ẹni gbé e ró mọ́.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ṣòro láti rí. Fóònù lè lé olè kúrò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò lè la ọ̀nà tí kò sí. Níbi tí kò bá ti sí iná, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ẹni tó lè ṣàlàyé, irinṣẹ́ tó dára jù lọ kò lè dá ṣiṣẹ́. Ojú tó yẹ ká fi wo gbogbo ohun tuntun tí wọ́n bá gbé wá fún àwọn àgbẹ̀ wa nìyẹn.

Àwọn Irinṣẹ́ Tó Wúlò Lóòótọ́

Irinṣẹ́ tó wúlò jù lọ kì í sábà jẹ́ èyí tó ṣòro lò jù lọ. Ìpè lásán wà lára wọn. Kí àgbẹ̀ tó kó tòmátì sínú ọkọ̀, ó lè pe ẹnì kan ní Ṣáṣá, ẹnì kan ní Bódìjà, ẹnì kan ní Ọjà Ọba, kó sì béèrè iye tí wọ́n ń tà á láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Owó ìpè mẹ́ta kò tó nǹkan tá a bá fi wé àdánù ẹni tó gbé ẹrù lọ sí ọjà tí ẹrù ti kún.

Kòkó jẹ́ àpẹẹrẹ tó ṣe kedere, pàápàá fún àwọn ará Ọ̀nà-Àrà tó ṣì ní oko kòkó àtijọ́. Ní December 2024, iye tí wọ́n ń ta tọ́ọ̀nù kòkó kan lọ́jà àgbáyé ju $12,000 lọ. Nígbà tí ọdún 2025 fi máa parí, ó ti já wálẹ̀ dé nǹkan bí ìdajì. Àgbẹ̀ tí kò mọ̀ pé owó ti gòkè á tà fún alágbàtà ní iye àná. Ẹni tí kò mọ̀ pé ó ti ń já wálẹ̀ á tọ́jú kòkó rẹ̀ pa mọ́, á sì pàdánù. Lóòótọ́, iye ọjà àgbáyé kọ́ ni iye tí wọ́n máa san lábúlé, nítorí owó ọkọ̀ àti èrè alágbàtà wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó mọ ibi tí ọjà ń lọ mọ ìgbà tó yẹ kóun tà.

Ohùn tá a ń gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, tún jẹ́ ẹ̀bùn ńlá fún ẹni tí kò kàwé. Kò ní láti tẹ lẹ́tà kankan. Á kàn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé, ẹni tó wà lọ́hùn-ún á sì gbọ́. Ó tún lè di ẹ̀rí. Tí àgbẹ̀ àti alájàpá bá ti fẹnu kò lórí iye àpò àti ọjọ́ tí owó máa wọlé, kí àgbẹ̀ fi ohùn sọ ọ́ ránṣẹ́, kí alájàpá sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Àríyànjiyàn á dín kù. Nǹkan mìíràn tó yẹ ká mọ̀ ni pé WhatsApp sábà máa ń fúnra rẹ̀ gba àwọn fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sínú fóònù, èyí sì ń jẹ dátà. Ẹni tó bá lọ sínú ètò rẹ̀, tó sì pa á, á rí i pé dátà rẹ̀ á pẹ́ sí i.

Ojú ọjọ́ ńkọ́? Ìyọnu àgbẹ̀ àgbègbè Ìbàdàn ni òjò àkọ́kọ́ tó ń tanni jẹ: á rọ̀ ní March, àwọn èèyàn á gbin àgbàdo, ọ̀dá á sì tẹ̀ lé e, èso inú ilẹ̀ á kú. Ọdọọdún ni NiMet, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ojú ọjọ́, máa ń kéde ìgbà tí wọ́n retí pé kí òjò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó máa dáwọ́ dúró ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan. Àsọtẹ́lẹ̀ ènìyàn ni, ó sì lè tàsé. Àmọ́ ẹni tó bá fi kún ohun tí ojú òun ti rí láti ọdún pípẹ́ á ṣe ìpinnu tó dára ju ti ẹni tó ń fojú inú wò ó nìkan.

Ewé Ẹ̀gẹ́ Níwájú Kámẹ́rà

Inú àgbègbè Akínyẹlé gan-an, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, ni IITA wà, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí ọ̀gbìn tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1967. Àwọn tó ń kọjá níwájú géètì rẹ̀ lójoojúmọ́ lè má mọ̀ pé àwọn irinṣẹ́ kan ti jáde láti ibẹ̀ tí àgbẹ̀ lè lò lọ́fẹ̀ẹ́.

Lọ́dún 2016, wọ́n rí kòkòrò burúkú kan nínú oko àgbàdo ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, títí kan oko IITA fúnra rẹ̀ n'Ìbàdàn. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni kòkòrò náà ti wá, ó máa ń jẹ ọkàn àgbàdo láti inú, láàárín ọdún mélòó kan ó sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ìṣòro irú èyí ló mú kí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú IITA àti àwọn mìíràn, ṣe áàpù tí wọ́n ń pè ní PlantVillage Nuru. Àgbẹ̀ á gbé kámẹ́rà fóònù Android sí iwájú ewé, áàpù náà á sì sọ bóyá àmì àrùn wà níbẹ̀. Ó mọ kòkòrò àgbàdo yẹn, ó sì mọ àrùn tó máa ń mú kí ewé ẹ̀gẹ́ ní àwọ̀ ìyeyè, kó sì ká kò. Èyí tó wú wa lórí jù lọ ni pé tí wọ́n bá ti gbé e sínú fóònù tán, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá ń wo ewé. Ọmọ tó bá lọ sí Mọ́níyà níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára lè gbé e sínú fóònù níbẹ̀, kó sì lò ó lóko.

Èkejì ni AKILIMO, tó dá lórí ọ̀gbìn ẹ̀gẹ́. Ó máa béèrè ibi tí oko wà, bí ilẹ̀ náà ṣe tóbi tó, iye tí wọ́n ń ta ajílẹ̀ àti iye tí wọ́n ń ra ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn náà, á sọ irú ajílẹ̀ tó yẹ, ìwọ̀n rẹ̀ àti bóyá èrè á wà níbẹ̀. Ẹ kíyè sí ohun kan: àwọn tó ṣe é tún ṣe ìwé ìtọ́sọ́nà tí wọ́n lè tẹ̀ sórí bébà fún àwọn tí kò ní fóònù tó lè gbé áàpù. Ọgbọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n ti rí i pé ìmọ̀ ṣe pàtàkì ju ohun èlò tó gbé e wá lọ.

Àmọ́ báwo ni àgbẹ̀ ṣe máa mọ bí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe tóbi tó? Ọ̀pọ̀ ló ń fojú díwọ̀n. Áàpù wà tó ń fi sátẹ́láìtì wọn ilẹ̀: ènìyàn á gbé fóònù dání, á rìn yí oko náà ká, fóònù á sì sọ ìwọ̀n rẹ̀. Éékà kan jẹ́ nǹkan bíi mítà 4,047 níbùú lóròó, ẹ́kítà kan sì jẹ́ nǹkan bí éékà méjì àtààbọ̀. Tá a bá fi púlọ́ọ̀tì oníwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 wọ̀n ọ́n, púlọ́ọ̀tì mẹ́jọ àti díẹ̀ ló wà nínú éékà kan. Ìṣirò yìí wúlò fún ajílẹ̀ àti oògùn apakòkòrò. Ó tún wúlò ní àkókò yìí tí ilé àti òpópónà tuntun ń jẹ oko lọ ní àyíká Ìbàdàn, tí ẹbí kan sì lè ta éékà kan nígbà tí wọ́n rò pé púlọ́ọ̀tì mẹ́rin làwọn ń tà. Ṣùgbọ́n kí ó yé wa pé fóònù lè fi mítà mélòó kan ṣìnà. Kò lè rọ́pò sọ̀fíyọ̀. Ohun tó lè ṣe ni pé kò ní jẹ́ kí wọ́n fi òkùnkùn rẹ́ni jẹ.

Èdè wa náà ti ń wọ inú àwọn ẹ̀rọ yìí. Ní December 2013, Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tó ń túmọ̀. Lọ́dún 2024, ó kéde pé ènìyàn lè fi ohùn béèrè ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, láìtẹ lẹ́tà kankan. Ìròyìn ayọ̀ ni. Síbẹ̀, ẹ̀rọ kì í sábà mọ ìyàtọ̀ ohùn wa dáadáa. Ẹni tó bá ń ka ìwọ̀n oògùn apakòkòrò kò gbọ́dọ̀ gbára lé ìtumọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Kí ó wá ẹni tó lè ka ara ike náà fún un, torí àṣìṣe kékeré lè ba oko àti ìlera jẹ́.

Àwọn Nọ́ńbà Tó Yẹ Ká Kọ Sára Ògiri

Láti ọdún 2023, NCC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ètò fóònù, ti mú kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù máa lo nọ́ńbà kan náà fún iṣẹ́ kan náà. Fóònù alátọ́ọ̀ṣì lè lò wọ́n, wọn kò sì nílò dátà.

*310#: láti mọ iye owó ìpè tó kù.
*311#: láti fi káàdì sí fóònù.
*312#: láti ra dátà.
*323#: láti mọ iye dátà tó kù.
*996#: láti mọ̀ bóyá síìmù ti so mọ́ NIN.
*346#: láti rí nọ́ńbà NIN ẹni.
*565*0#: láti rí nọ́ńbà BVN ẹni. Orí síìmù tá a fi forúkọ sílẹ̀ ni ká ti tẹ̀ ẹ́.
2442: kí a fi ọ̀rọ̀ náà STOP ránṣẹ́ síbẹ̀ láti dá àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó dúró.
622: láti fi ẹjọ́ sun NCC tí ilé iṣẹ́ fóònù bá kọ̀ láti yanjú ọ̀ràn.
112: fún pàjáwìrì.

Ọ̀wọ̀ Ni Olè Fi Ń Wọlé

Ẹ jẹ́ ká wo apá kejì ọ̀rọ̀ náà. Bàbá àgbàlagbà kan jókòó sábẹ́ igi, fóònù rẹ̀ sì dún. Ohùn ọ̀dọ́kùnrin kan ni, ó sì tutù.

“Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́ oko. Báǹkì yín la ti ń pè yín. Wọ́n ti fẹ́ ti àkáǹtì yín pa, ṣùgbọ́n a ò fẹ́ kí owó yín há. Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún mi, kí n lè bá yín tún un ṣe.”

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gba irú ìpè yìí. Ẹ kíyè sí bí onítọ̀hún ṣe sọ̀rọ̀. Ó kí Bàbá, ó kú u iṣẹ́, ó fi ọ̀wọ̀ pè é. Ohun tá a fi ń mọ ọmọlúwàbí láwùjọ wa ni olè náà gbé wọ̀ bí aṣọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn àgbà, tí wọn kì í fẹ́ já ọmọ tó bọ̀wọ̀ fún wọn kulẹ̀, ló sábà máa ń há.

Kí ni nọ́ńbà mẹ́fà yẹn? Ìbéèrè ni. Báǹkì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni àkáǹtì pé: “Ṣé ìwọ gan-an lo fẹ́ ṣe ohun yìí?” Ẹni tó bá ka nọ́ńbà náà fún ẹlòmíràn ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni lórúkọ olè. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà gba WhatsApp èèyàn: wọ́n á ní kó ka nọ́ńbà tó wọlé, wọ́n á sì fi orúkọ rẹ̀ tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ará ìjọ. Nítorí náà, òfin kan ṣoṣo tó: nọ́ńbà tó bá wọlé sórí fóònù mi, èmi nìkan ló wà fún. Báǹkì gidi kì í béèrè rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tí olè ń gbà ni álẹ́ẹ̀tì ayédèrú. Ẹnì kan á ra ẹrù, á ní òun ti san owó láti orí fóònù òun, àtẹ̀jíṣẹ́ tó jọ ti báǹkì á sì wọlé. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbé ẹrù lọ tán, wọ́n á rí i pé kò sí owó kankan nínú àkáǹtì. Kí àgbẹ̀ tó jẹ́ kí ẹrù kúrò nílẹ̀, kí ó fi kóòdù báǹkì tirẹ̀ wo iye tó wà nínú àkáǹtì rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán kì í ṣe owó.

Ọ̀dọ̀ oníPOS náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ olóòótọ́, iṣẹ́ wọn sì ti gba ọ̀pọ̀ ará abúlé lọ́wọ́ ìrìn àjò lọ sí báǹkì nígboro. Àmọ́ àṣà kan ti wọ́pọ̀ tó léwu: àgbàlagbà á na káàdì, á sì pe PIN rẹ̀ sókè kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́, níṣojú gbogbo èèyàn. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọjà. Ó sàn kí ẹnì kan nínú ìdílé fi sùúrù kọ́ ọ bó ṣe lè tẹ nọ́ńbà mẹ́rin náà fúnra rẹ̀.

Pàkúté tó tún ń bani nínú jẹ́ jù lọ ni ti owó tí wọ́n ní á di púpọ̀ láìṣiṣẹ́. Ní December 2016, MMM ti owó ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà mọ́lẹ̀. A rò pé ẹ̀kọ́ ti tó. Ṣùgbọ́n ní April 2025, CBEX, tó ń ṣèlérí pé owó á di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí oṣù kan, dáwọ́ sísan owó dúró, àwọn èèyàn sì fi ìbínú ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn níbí, wọ́n ń kó àga àti tábìlì lọ. Àga melòó ló máa dí owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù?

Kò yẹ kó ṣòro fún àgbẹ̀ láti dá irú irọ́ yìí mọ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ tí òun gbìn lè lo odindi ọdún kan nínú ilẹ̀. Ó mọ̀ pé ilẹ̀ kì í mú èso wá láìsí òógùn. Nítorí náà, irú irúgbìn wo ló ń di ìlọ́po méjì láàárín oṣù kan láìsí oko, láìsí òjò, láìsí ọkọ́? Ohun tó sì mú kí ó tàn kálẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rọ. Ìgbẹ́kẹ̀lé ni. Ará ilé, ojúlùmọ̀ tàbí ọmọ ìjọ kan náà ló sábà máa ń mú ẹni wọ̀ ọ́, nítorí òun náà ti rí owó gbà ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, inú ilé Ọlọ́run pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí.

Nígbà Tí Irinṣẹ́ Di Ọ̀ranyàn

Nǹkan mìíràn wà tí a kì í sábà rò. Fóònù ti kúrò ní ohun tí èèyàn lè yàn láti lò tàbí láti má lò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí ìjọba pààrọ̀ owó náírà, tí owó bébà sì wọ́n bí ojú, ẹni tí kò lè fi fóònù san owó kò lè ra iyọ̀. Àwọn tó kó ewébẹ̀ lọ sọ́jà rí àwọn oníbàárà tó fẹ́ rà, ṣùgbọ́n kò sí owó lọ́wọ́ wọn. Ní March 3 ọdún yẹn ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé kí wọ́n ṣì máa ná owó àtijọ́, àmọ́ ewébẹ̀ tó ti bàjẹ́ kò lè tún tutù mọ́.

Ọ̀ràn NIN náà kò yàtọ̀. Láti December 2020 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí gbogbo síìmù so mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀. Ní April 2022, wọ́n dá ìpè dúró lórí àìmọye síìmù tí kò tíì so, ìsapá náà sì ń bá a lọ títí di ọdún 2024. Ìdí wà fún àṣẹ náà, torí àwọn ajínigbé àti oníjìbìtì ń lo síìmù tí kò ní orúkọ. Síbẹ̀, ẹ ro ti ìyá àgbà tí ìka ọwọ́ rẹ̀ ti dán nítorí iṣẹ́ ọdún àádọ́ta, tí ẹ̀rọ kò sì lè ka ìtẹ̀ka rẹ̀ dáadáa. Síìmù tí wọ́n dá dúró yẹn ni ọmọ rẹ̀ fi ń mọ̀ bóyá ara rẹ̀ le.

Owó kékeré náà ń dá kún un. Láti ọdún 2021, ₦6.98 ni iye tí wọ́n fẹnu kò sí fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá lo kóòdù báǹkì. Láti June 2025, ìṣètò tuntun bẹ̀rẹ̀ tó mú kí wọ́n máa yọ ọ́ nínú owó ìpè orí fóònù dípò àkáǹtì. Ẹni tó ní fóònù ńlá àti dátà lè lo áàpù báǹkì rẹ̀ láìsan owó yìí. Ẹni tó ní fóònù alátọ́ọ̀ṣì ló ń san án ní gbogbo ìgbà. Kì í ṣe owó tó pọ̀, àmọ́ ó fi hàn pé ẹni tí kò ní ni ọ̀nà tó rọrùn fún un sábà máa ń wọ́n jù.

Ọwọ́ Ọmọdé àti Ọwọ́ Àgbà

Kí wá ni ṣíṣe? Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ọ̀rọ̀ náà bá ìgbà yìí mu gẹ́lẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé áàpù sínú fóònù, ṣùgbọ́n kò mọ ìgbà tí wọ́n ń rẹ́ni jẹ. Màmá àgbà kò mọ áàpù, ṣùgbọ́n ó ti ta ọjà fún ogójì ọdún, ó sì lè gbóòórùn irọ́ láti òkèèrè. Tí àwọn méjèèjì bá jókòó pọ̀, ó ṣòro kí olè rí àyè.

Ìdílé kọ̀ọ̀kan lè ṣe nǹkan mẹ́ta láìná kọ́bọ̀. Àkọ́kọ́, kí wọ́n yan ẹnì kan tí wọ́n fọkàn tán tí àgbà á máa pè kó tó dáhùn ọ̀rọ̀ owó èyíkéyìí tó wá láti orí fóònù. Èkejì, kí wọ́n fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan tí ìdílé nìkan mọ̀, nítorí ẹ̀rọ ti lè sín ohùn ọmọ ẹni jẹ báyìí. Tí “ọmọ” bá pè lóru pé òun wà ní àgọ́ ọlọ́pàá, tó sì fẹ́ owó kíákíá, kí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n kọ nọ́ńbà tí báǹkì wọn fọwọ́ sí fún títi àkáǹtì pa sára ògiri kí síìmù tó sọnù, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti sọnù.

Ìjọ náà ní ipa tirẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ abúlé, ilé ìjọsìn wà lára ibi tí èwe àti àgbà ti ń pàdé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, tí ọ̀pọ̀ sì fọkàn tán. Kí ló dé tí ìjọ kò fi lè gbé tábìlì kan síta lẹ́yìn ìsìn, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí àwọn ọ̀dọ́ méjì tí wọ́n mọ̀ dáadáa jókòó níbẹ̀, kí wọ́n sì ran àwọn àgbà lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá NIN wọn ti so, láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tẹ PIN, láti gbé Bíbélì Yorùbá tàbí Nuru sínú fóònù wọn? Kí òfin tábìlì náà jẹ́ ọ̀kan péré: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ béèrè PIN, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ó sì yẹ kí àwọn olórí ìjọ kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n fi orí pẹpẹ kéde ètò ìdókòwò kankan, bó ti wù kí ẹni tó gbé e wá ṣe pàtàkì tó.

Ìwé Nehemáyà sọ fún wa nípa àwọn tó ń mọ odi Jerúsálẹ́mù nígbà tí àwọn ọ̀tá yí wọn ká. Wọn kò dá iṣẹ́ dúró nítorí ìbẹ̀rù, wọn kò sì ṣe bí ẹni pé kò séwu. Ọwọ́ kan ń mọlé, ọwọ́ kejì di ohun ìjà mú. Bó ṣe yẹ kí àgbẹ̀ wa di fóònù rẹ̀ mú lónìí nìyẹn. Kò yẹ kó sọ ọ́ nù, torí ó ń bá a wá ọjà, ó ń bá a wo àrùn, ó ń mú ohùn ọmọ rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Kò sì yẹ kó fi ojú dídì tẹ̀ lé e.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jókòó ti òbí tàbí ẹbí yín kan tó dàgbà. Ẹ tẹ *996# fún wọn, kí ẹ sì wo bóyá síìmù wọn ti so. Ẹ ṣàlàyé nọ́ńbà mẹ́fà yẹn fún wọn ní Yorùbá, láìkánjú. Ó lè má gbà yín ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ó sì lè gba owó oko odindi ọdún kan là.